Yèyé Tó Kọ́ Wa Láti Fetí Sílẹ̀

Àwọn àgbà ilé wa ní bí mo bá fẹ́ kọ nǹkan nípa Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, kí n fi ẹnu tútù kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kọ pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni, pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, pé ó sùn nínú Olúwa. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, kí n fò ó. Mo gbọ́. Èmi náà ní etí, Yèyé fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bí a ti ń lò ó. Ṣùgbọ́n n kò ní fò ó. Yèyé jà. Ó bá tíṣà ìjọ jà, ó bá àwọn àgbà ìjọ jà, ó bá èmi ọmọ ọmọ rẹ̀ jà, ó sì kú láìbẹ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹni tó bá fẹ́ ìyá tó tutù, kó lọ kọ ti ìyá tirẹ̀.

Ìlú wa wà lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀yẹ́ lọ sí Ìkọ̀lé. Ẹ̀yin ará ibòmíràn, ẹ má bínú bí ẹ bá gbọ́ tí mo ń bá Yèyé sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ mi. Èdè Èkìtì wa kì í fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀. Ùwọ ni ọba, ùwọ náà ni ọmọ ọwọ́. Tíṣà ìjọ wa, ẹni tó ń darí ìsìn nígbà tí àlùfáà kò bá sí, wá láti ọ̀nà jíjìn, èyí kò sì bá a lára mu rárá. Ó ní Yèyé ń rí òun fín. Yèyé ní, "Bí mo bá fẹ́ rí ọ fín, wàá mọ̀."

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Ó ń ṣe oko ẹ̀gúsí àti iṣu bí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ohun tí ìlú fi mọ̀ ọ́ ni àwọn obìnrin tó kọ́. Bí òfò bá ṣẹ obìnrin kan, tàbí tí ìyàwó ń sunkún nílé ọkọ, tàbí tí ọmọbìnrin lóyún tí ẹ̀rù ń bà á, ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ. Obìnrin mọ́kànlá ni wọ́n, èmi ni mo kéré jù nínú wọn. Ìlú ń pè wá ní afetísílẹ̀. A kì í dájọ́, a kì í ríran, a kì í sì í parí ìjà. A máa ń jókòó ti ẹni tí ọ̀rọ̀ wọ̀ lọ́rùn títí yóò fi rí ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ṣe.

Kí wọ́n tó bí mi ni ọmọkùnrin Yèyé kan kú, ẹni ọdún méje. Àwọn ènìyàn kún ilé. Èyí ní kó má sunkún, Ọlọ́run tó fún un ló gbà á. Èyí ní tirẹ̀ sàn, òun ti sin mẹ́ta. Èyí ń béèrè ohun tí ọmọ jẹ kó tó sùn. Ìyá arúgbó kan wá láti Ìgbólé, ó jókòó sórí ẹní, ó fa igbá ẹ̀gúsí tó wà lẹ́bàá ògiri mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń bó ẹ̀gúsí láìsọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹta Yèyé la ẹnu, kò sì pa á dé títí oòrùn fi wọ̀. Ìtàn yìí ló fi ń gba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé, ibì kan náà ló sì ń parí rẹ̀ sí: "Gbogbo ulé ló bá mi sọ̀rọ̀. Ìyá Ìgbólé nìkan ló gbọ́ mi."

Ẹ̀gúsí ló wá sọ di ilé ẹ̀kọ́. Á fi obìnrin méjì jókòó síwájú igbá kan, ọ̀kan á máa sọ ìṣòro rẹ̀, èkejì á máa gbọ́, àwọn méjèèjì á sì máa bó ẹ̀gúsí. Ó ní bí a bá tẹjú mọ́ ènìyàn, ẹnu rẹ̀ á wúwo, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ á máa jáde fúnra rẹ̀. Òun á jókòó sí ẹ̀yìn, kò ní wo ojú ẹnikẹ́ni, ọwọ́ olùgbọ́ ló ń wò. Bí ọwọ́ náà bá dúró, á ní o ti di òǹwòran. Bí ó bá yá jù, á ní èsì lò ń sáré wá. Bí ẹ bá parí, á da ohun tí o bó sórí atẹ. Bí èèpo bá pọ̀ nínú rẹ̀, ọkàn rẹ kò sí níbẹ̀ nìyẹn, má wulẹ̀ jiyàn.

Lẹ́yìn náà ni olùgbọ́ á tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ẹni tó ni ín, á ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ lo wí?" Bí onítọ̀hún bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Déborà, ìyàwó kékeré kan láti agboolé kejì, bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lórí ọ̀rọ̀ obìnrin kan tí ìyá ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó dáná. Ní ìgbà kẹrin, obìnrin náà ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, bẹ́ẹ̀ ni mo wí," ó sì bú sẹ́kún. Inú Déborà bàjẹ́, ó rò pé òun ti ba nǹkan jẹ́. Yèyé ní, "Jẹ́ kó sunkún. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ibi tí yóò gbé e kalẹ̀ sí."

Ìgbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà ni èmi náà jókòó síwájú igbá yẹn. Mo ka ara mi sí ọlọ́gbọ́n, mo ti ka ìwé tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kà. Obìnrin kan ń sọ nípa ọkọ rẹ̀ tó lọ sí Èkó tí kò kọ lẹ́tà wálé, mo bá ní, "Mo mọ bó ṣe ń ṣe ọ́, èmi náà ní ọ̀rẹ́ kan..." N kò rí i parí. Yèyé ti gba igbá lọ́wọ́ mi. Oṣù kan gbáko ni mo fi gbá àgbàlá kó tó dá a padà fún mi, tìbínú-tìbínú ni mo sì fi ń gbá a. Lọ́jọ́ tó dá a padà, ó ní, "Ọ̀rọ̀ tìrẹ ń bẹ ní ulé, jẹ́ kó jókòó síbẹ̀. Bí o bá mú un wá, ẹni tó wá sunkún ni yóò máa pẹ̀ ọ́."

Ti ẹnu ló le jù. Yèyé á pe akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sí kọ̀rọ̀, á sọ ohun kékeré kan fún un tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Fún ọ̀kan, pé eyín ń dun òun. Fún òmíràn, pé òun fẹ́ ta ewúrẹ́ dúdú. Kò sọ ohun kan náà fún ẹni méjì. Lẹ́yìn náà á máa lọ sọ́jà, á máa kí ènìyàn, á máa retí èyí tí yóò padà wá bá òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré wà lára àwọn tó ń kọ́ nígbà kan. Kò pé ọjọ́ márùn-ún tí alápatà fi bi Yèyé ní ìgbà tí yóò fa ewúrẹ́ dúdú wá. Ọ̀rẹ́ náà bẹ̀ ẹ́, ó ní ewúrẹ́ lásán ni. Yèyé kò gbà á padà, wọn kò sì jẹun papọ̀ mọ́ títí ọ̀rẹ́ náà fi kú. Mo rò pé ó le jù, mo ṣì ń rò ó bẹ́ẹ̀ lónìí, mo sì sọ fún un nígbà náà. Ó ní, "Ẹnu tó tú ewúrẹ́ sílẹ̀ lónìí, ọmọ ènìyàn ni yóò tú sílẹ̀ lọ́la."

A kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn. Ẹ rántí ìgbà ogun àwọn òyìnbó, tí iyọ̀ wọ́n bí ojú, tí a ń jẹ ọbẹ̀ bí ẹní ń jẹ omi gbígbóná. Obìnrin kan tí Yèyé jókòó tì nígbà tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ gbé iyọ̀ wá, ẹ̀kún agolo kan. Ọwọ́ mi ti dé ara agolo náà. Yèyé dúpẹ́, ó kí i dáadáa, ó sì gbé e fún un padà, ó sìn ín dé ojú títì. Ní alẹ́ ọjọ́ náà n kò bá a sọ̀rọ̀. Mo jẹ iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ aláìníyọ̀, mo sì ń pọ́n ojú sí i. Ó jẹ tirẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó ní, "Bí mo bá jẹ iyọ̀ rẹ̀, ìgbà tí mo bá ní láti sọ òótọ́ tó korò fún un, ẹnu wo ni n óò fi sọ ọ́?"

Kí ẹ má baà rò pé áńgẹ́lì ni mo ń yà fún yín: nílé, Yèyé kì í gbọ́ ènìyàn. Á pariwo, á já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni, á ti mọ ohun tí o fẹ́ sọ kí o tó sọ ọ́. Àwọn ará ìta ló ń fi etí rẹ̀ pamọ́ fún. Nígbà tí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ já mi sílẹ̀, mo lọ bá a, mo kó ẹ̀gúsí dání bí ènìyàn pàtàkì. Ó wo igbá, ó wò mí, ó ní kí n lọ bá Déborà. Mo ní, "Yèyé, èmi ni, ọmọ ọmọ rẹ." Ó ní, "Ìdí rẹ̀ nìyẹn." Àfi ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú omijé lójú ló tó fi ohùn kékeré kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí sọ pé, "Mo fẹ́ràn rẹ débi pé n kò lè gbọ́ ọ. Màá lọ bá ọmọkùnrin náà jà."

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí wọ́n ní kí n fò.

Ọdún méjì ṣáájú ogun ni. Bàbá Jósẹ́ẹ̀fù jẹ́ àgbà ìjọ, ó ní oko kòkó, ó sì ní ìyàwó kékeré kan tó ń jẹ́ Àyọ̀ká. Gbogbo àdúgbò ló máa ń gbọ́ igbe Àyọ̀ká. Àwa tí ilé wa jìnnà pàápàá ń gbọ́ ọ bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sápá wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó lọ bá Déborà. Ẹ ní láti mọ̀ pé ẹni tó bá wá ló ń gbé ẹ̀gúsí wá láti ilé rẹ̀, òun náà ló ń gbé èyí tí a bó lọ. Bí ọkọ bá bi í níbi tó ti ń bọ̀, á ní òun lọ bó ẹ̀gúsí, kò sì purọ́. Ohun tí Àyọ̀ká sọ, Déborà ló mọ̀. Ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ ni pé ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Àyọ̀ká kò sí ní ìlú mọ́.

Ó gbàgbé igbá ẹ̀gúsí rẹ̀ sílẹ̀. Déborà, olóòótọ́ ènìyàn, wò ó pé ohun olóhun kì í gbé lọ́dọ̀ ẹni. Ó gbé igbá náà, ó kó ẹ̀gúsí tó ti mọ́ lóló sínú rẹ̀, ó gbé e lọ sí ilé Bàbá Jósẹ́ẹ̀fù, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gúsí ìyàwó rẹ rèé, ó gbàgbé rẹ̀ sọ́dọ̀ mi." Bí ọkùnrin náà ṣe mọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí kẹ́yìn nìyẹn. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti pe Déborà síwájú àwọn àgbà ìjọ pé kó wá sọ ibi tí Àyọ̀ká wà. Ọkọ Déborà ti ní bí kò bá sọ ọ́, kó má padà sí ilé òun.

Yèyé gbọ́ lóko. Kò ya ilé, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ tòun ti ọkọ́ lọ́wọ́, mo tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà ìjọ jókòó yí Déborà ká. Tíṣà ní, "A kò pè yín, màmá."

"O pe ẹni tí mo kọ́," Yèyé dá a lóhùn. "Bí ìkòkò bá jò, ta ni à ń bi, ìkòkò àbí ẹni tó mọ ọ́n?"

Bàbá Jósẹ́ẹ̀fù dìde. "Ìyàwó mi ni mo ń wá. Sọ ibi tó wà, kí n lọ mú un, ọ̀rọ̀ bùṣe."

"Bí o bá mú un, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ó jókòó padà. Àwọn àgbà yòókù ń wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ igbe yẹn nínú wọn, kò sì sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà ní, "Ṣé Déborà ti sọ ohun tó gbọ́ fún yín ni?"

"Ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ Déborà, ọwọ́ mi ló wà. Èmi ni kí o máa bi. Ẹ jẹ́ kó máa lọ ulé. N kò sì ní sọ."

"Ṣé ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ nínú ilé Ọlọ́run ni?"

Yèyé fi ọkọ́ ti ògiri kó tó dáhùn. "Ọlọ́run wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ń sọ ọ́," ó ní. "Ùwọ ni o kò sí níbẹ̀."

Ìdájọ́ wọn kò pẹ́. Wọ́n ní Yèyé kò gbọdọ̀ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́ títí yóò fi sọ̀rọ̀ tàbí kó tọrọ àforíjì, bí ó bá sì kú bẹ́ẹ̀, ìjọ kò ní sin ín. Àwọn tó mọ ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ fún obìnrin yẹn ni yóò mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà lára àwọn tó ru yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀. Lójú ọ̀nà, Déborà ń sunkún, ó ní òun ló fa gbogbo rẹ̀. Yèyé ní, "Ẹ̀bi rẹ kọ́. Mo kọ́ ọ bí a ti ń gba ọ̀rọ̀, n kò kọ́ ọ ní ohun tí a ń fi igbá ṣe." Ó bá ọkọ Déborà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà sì gba ìyàwó rẹ̀ padà. Láti ìgbà náà, igbá tí wọ́n bá gbàgbé sọ́dọ̀ wa, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí títí ẹni tó ni ín yóò fi dé.

Ọdún ń gorí ọdún. Ogun bẹ̀rẹ̀, ogun parí, Yèyé kò sọ̀rọ̀, kò sì bẹ̀bẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún tí àlùfáà bá wá láti Ìdó, Yèyé á wọ aṣọ funfun, á jókòó sí ibùjókòó rẹ̀ lọ́wọ́ iwájú, á sì wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù bá dìde lọ síbi tábìlì. Mo ní kó máa jókòó sẹ́yìn kí ojú má baà máa tì í. Ó ní, "Ojú ta ni?"

Nígbà tí ogun ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni Bàbá Jósẹ́ẹ̀fù wá. Ọ̀sán gangan ni, gbogbo àdúgbò ló rí i. Ọkùnrin ńlá, ó gbé igbá ẹ̀gúsí sí abíyá, ó jókòó lórí ẹní níwájú ilé wa. Kò mọ̀ ọ́n bó, ó ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Yèyé jókòó tì í, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ bó ṣe máa ń lọ. A rí i pé ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀, a kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ní gbogbo ìgbà náà, òun ṣì ni àgbà ìjọ, Yèyé ṣì ni ẹni tí wọ́n gé kúrò.

Ara mi kò gbà á. Mo ní, "Yèyé, lọ sọ fún ìjọ. Ẹni tó ní kí wọ́n lé ọ nídìí tábìlì ló wá ń sunkún lórí ẹní rẹ. Àbí kí ló tiẹ̀ sọ?" Ó lé mi jáde. N kò dákẹ́, mo dúró lójú fèrèsé, mo ní bí kò bá ní ṣe é nítorí ara rẹ̀, kó ṣe é nítorí ibi tí a óò sin ín sí. Ó ní, "Ohun tí ènìyàn bá kó sí wa lọ́wọ́ kì í ṣe òkò tí a ó jù lù ú. Bí mo bá lò ó lẹ́ẹ̀kan, uṣẹ́ yìí ti tán."

Ọdún tó kọjá ló dùbúlẹ̀ àìsàn. Tíṣà wá, ó jókòó lẹ́bàá ibùsùn. Mo gbọdọ̀ sọ òótọ́ pé ó fẹ́ ire fún un lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Màmá, a ò ní bi yín ní ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn mọ́. Ẹ kàn sọ pé ẹ tọrọ àforíjì. Ẹyọ gbólóhùn kan. Àlùfáà á mú àkàrà àti wáìnì wá fún yín lọ́la." Àwọn àgbà ilé wa ní kó sọ ọ́. Èmi pàápàá ní kó sọ ọ́, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo bẹ̀ ẹ́. Èémí rẹ̀ kò tó. Ó ní, "Bí mo bá tọrọ àforíjì pé mo pa ẹnu mọ́, ta ni yóò tún la ẹnu sí àwọn ọmọ mi wọ̀nyí?" Ọjọ́ kẹta ló kú.

Ìjọ kò sin ín. A gbẹ́ ilẹ̀ fún un nínú àgbàlá tí òun fúnra rẹ̀ ní kí n gbá. Tíṣà wá, kò wọ ẹ̀wù ìsìn rẹ̀, ó dúró bí aládùúgbò. Bàbá Jósẹ́ẹ̀fù náà wá, ó ti di arúgbó, ó ń fi ọ̀pá rìn. A ti gbé òkú sílẹ̀, a kò tíì da yẹ̀pẹ̀ bò ó, nígbà tó na ọ̀pá rẹ̀ sí àwa afetísílẹ̀.

"Níwájú gbogbo ùlú," ó ní, "kí ni obìnrin yìí sọ fún yín nípa mi?"

Déborà ní, "Kò sọ nǹkan kan." Ó bi ẹni tó tẹ̀ lé e. Kò sọ nǹkan kan. Ó bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan èmi. Mo ní, "Mo bi í. Ó lé mi jáde."

Ó ṣí fìlà lórí. "Ohun tí mo sọ fún un," ó ní, "bí ó bá tú u síta, n kì bá lè gbé ùlú yìí mọ́. Ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e kúrò, mo sì ń wò ó lórí ìjókòó yẹn lọ́dọọdún, n kò sọ̀rọ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Tíṣà ni kò lè fara dà á. Ó bọ́ síwájú, ó gbé ọwọ́ sókè sórí ibojì. Ó ní lẹ́yìn ohun tí àgbà ìjọ sọ yìí, òun lè sọ ọ́ fàlàlà pé ìjọ ti dárí ji màmá, a óò dá orúkọ rẹ̀ padà sínú ìwé, a óò kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo rí ojú àwọn àgbà ilé wa. Ara tù wọ́n bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ohun tí èmi náà ti ń tọrọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí ni.

Mo ní, "Tíṣà, ẹ̀yin ìjọ, ẹ má dárí jì í. Kò ṣẹ̀ yín."

Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè bẹ́ẹ̀. Ó wo àwọn àgbà ilé wa pé kí wọ́n bá òun pa mí lẹ́nu mọ́. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin mẹ́wàá yòókù, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ ní gbangba, ti dá a lóhùn:

"Kò ṣẹ̀ yín."